Power BI, Tableau, Qlik, Looker tàbí Excel: ibi tí ìtumọ̀ nọ́ńbà ń gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè

Iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó 40. Láti ọdún méje sẹ́yìn ni mo ti ń fi Excel ṣe gbogbo ìjábọ̀ wa, ṣùgbọ́n fáìlì náà ti wúwo débi pé kí n tó ṣí i tán, ẹni tó béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ mi á ti bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá wa ti ní kí n mú sọ́fítíwíà kan tí a ó máa fi ṣe ìjábọ̀ wá kí oṣù yìí tó parí. Ẹnì kan nínú wa ní Power BI ni, nítorí pé kò wọ́n. Ẹlòmíràn ní Tableau ni, nítorí pé àwòrán rẹ̀ dára jù. Ẹnì kẹta ní kí a má náwó rárá, kí a lo Metabase, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa sì ní Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, tó gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo ti ka ọ̀pọ̀ àfiwé, kò sí méjì tó bára mu nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ kan fún mi, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

* * *

N ó dárúkọ kan, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ní láti dáhùn ná. Àwọn àfiwé tí ẹ kà kò bára mu nítorí pé oríṣi àwòrán tí sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan lè yà ni wọ́n ń kà, àti iye dátábéèsì tó lè bá sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn tí ẹ dárúkọ wọ̀nyí ló lè fi òpó gíga àti òpó kúkúrú hàn, gbogbo wọn náà ló sì lè fa dátà jáde láti inú dátábéèsì bí i PostgreSQL. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí ìtumọ̀ nọ́ńbà ń gbé: nígbà tí ojú ìwé bá sọ pé “owó tó wọlé lóṣù yìí”, níbo ni a kọ ọ́ sí pé ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí nìyí, ta ló sì lè tún un ṣe?

Mo ti jókòó nínú ìpàdé kan rí níbi tí ẹ̀ka títà ọjà àti ẹ̀ka ìṣirò owó ti mú àpapọ̀ oṣù kan náà wá, tí ti èkíní sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ju ti èkejì lọ. Ẹ̀ka títà ọjà ń ka owó láti ọjọ́ tí oníbàárà bá ti ṣe ọ́dà, ẹ̀ka ìṣirò owó sì ń kà á láti ọjọ́ tí owó bá wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọjà tí a dá padà kúrò. Àwọn méjèèjì ló ṣe ìṣirò tiwọn bó ṣe yẹ. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìpàdé yẹn ni a ti ra sọ́fítíwíà tuntun kí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ lè tán, ohun tí sọ́fítíwíà náà sì ṣe ni pé ó ya nọ́ńbà méjèèjì ní àwòrán tó dán mọ́rán. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Nítorí náà, ẹ sọ fún mi: ènìyàn mélòó ni yóò máa ka ìjábọ̀ náà láì ní ọwọ́ nínú ṣíṣe é? Níbo ni dátà yín wà báyìí? Bí ìtumọ̀ “títà” bá sì yí padà lọ́la, ta ni yóò yí i padà, ibi mélòó ni yóò sì ti ní láti yí i? Bí ẹ ṣe ń wá ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí n mú èrò àwọn ènìyàn yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

* * *

Lórí pé Power BI kò wọ́n

Èrò tó wọ́pọ̀ jù nìyí, ó sì jẹ́ òtítọ́ dé ibì kan. Láti oṣù keje ọdún 2015 tí Microsoft ti gbé Power BI jáde fún gbogbo ayé ni ẹnikẹ́ni ti lè gba Power BI Desktop lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì fi kọ́ iṣẹ́ títí tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn rí iṣẹ́ yín, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó ṣe ìjábọ̀ nìkan ni láísẹ́ńsì Pro pọn dandan fún, ẹni tó ń kà á náà ní láti ní tirẹ̀, àyàfi tí ilé iṣẹ́ bá lọ ra ààyè ńlá tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Mo ti rí àwọn tó fi iye ènìyàn méjì tó ń ṣe ìjábọ̀ ṣírò owó tí wọn yóò san, tí wọ́n gbàgbé àwọn 30 tó ń kà á. Ohun kan náà ni kí ẹ wò nínú Tableau, níbi tí Creator, Explorer àti Viewer ti jẹ́ ìpele mẹ́ta tí owó wọn yàtọ̀, tí òǹkàwé lásán náà sì ń san tirẹ̀.

Agbára Power BI gan-an wà nínú bí a ṣe ń to dátà inú rẹ̀. Ẹ óò so àwọn àtẹ pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ óò kọ òṣùwọ̀n kan, ìyẹn fọ́múlà tó ń mú nọ́ńbà kan jáde, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní DAX, èdè fọ́múlà Power BI, gbogbo ojú ìwé tó bá lo òṣùwọ̀n náà yóò sì máa sọ ohun kan náà. Lójú tèmi, ìdí tó tọ́ láti mú un nìyí.

Àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá mọ Excel ti mọ DAX ni n kò lè bá gbà. Orúkọ àwọn fọ́múlà wọn jọra, SUM àti IF wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú Excel, fọ́múlà ń tọ́ka sí àpótí kan pàtó, nígbà tí òṣùwọ̀n inú DAX kò ní àpótí kankan: ohun tí òǹkàwé bá ti yàn lójú ìwé ni ó ń pinnu àwọn ìlà tí yóò ṣírò. Ẹni tí kò bá tíì lóye ohun tí CALCULATE, ọ̀kan nínú àwọn fọ́múlà DAX, ń ṣe sí àṣàyàn yẹn yóò rí nọ́ńbà tó tọ́ ní ojú ìwé kan, yóò sì rí i tó ṣì ní ojú ìwé kejì, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Mo lo oṣù mẹ́ta kí n tó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí fọ́múlà tí mo fọwọ́ ara mi kọ yóò mú jáde.

Ìdajì ìrora yẹn ló máa ń lọ bí ẹ kò bá gbé àtẹ fífẹ̀ kan ṣoṣo, tó ní òpó ọgọ́rin, wọlé láti inú Excel. Ẹ fi àtẹ ìṣẹ̀lẹ̀ sí àárín, ìyẹn èyí tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjà kan tí a tà, kí ẹ wá to àtẹ oníbàárà, àtẹ ọjà àti àtẹ ọjọ́ yí i ká bí ìràwọ̀. Ètò tí Ralph Kimball, àgbà nínú iṣẹ́ títo dátà, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti àwọn ọdún 1990 ni, Power BI sì yára jù nígbà tí a bá tò ó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ààlà kan wà tí a máa ń bá pàdé lẹ́yìn tí a bá ti sanwó: lórí Pro, mọ́dẹ́lì kan, ìyẹn àwọn àtẹ tí ẹ ti so pọ̀, kò gbọdọ̀ ju 1 GB lọ, ìgbà mẹ́jọ ni ẹ sì lè ṣètò kí ó fa dátà tuntun wọlé lójúmọ́. Desktop kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Mac, orí Windows nìkan ni. Ẹ tún ṣọ́ra fún bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní Publish to web. Ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ní ìlà àdírẹ́sì tí ó mú jáde lè rí ohun tó wà níbẹ̀ láì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, ó sì dùn mí pé àwọn ènìyàn ṣì ń fi í pín ìjábọ̀ owó oṣù.

* * *

Lórí pé àwòrán Tableau dára jù

Òǹkàwé kan ti fèsì pé mo fi ojú kéré àwòrán, pé ojú máa ń rí ohun tí nọ́ńbà fi pamọ́. Òótọ́ ló sọ. Ní ọdún 1973, Francis Anscombe, onímọ̀ ìṣirò kan, to dátà mẹ́rin sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojúàmì 11. Ìpíndọ́gba x jẹ́ 9 nínú gbogbo wọn, ti y jẹ́ nǹkan bí 7.5, ìwọ̀n ìbátan láàárín méjèèjì sì jẹ́ nǹkan bí 0.816. Bí a bá wo nọ́ńbà nìkan, a ó ní ìkan náà ni wọ́n. Nígbà tí a bá wá yà wọ́n, ọ̀kan fọ́n ká yí ìlà tó ń gòkè, èkejì tẹ̀ bí ọrun, ẹ̀kẹta tọ́ gbọnrangandan àyàfi ojúàmì kan tó ṣáko lọ, ẹ̀kẹrin sì dúró lóòró lójú kan pẹ̀lú ẹyọ kan tó jìnnà réré. Kò sí ẹni tó rí èyí tí kò ní máa ya dátà rẹ̀ kó tó gba ìpíndọ́gba gbọ́.

Inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Tableau ti jáde. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Polaris, tí Chris Stolte àti Pat Hanrahan ṣe ní Yunifásítì Stanford, ló di ilé iṣẹ́ ní ọdún 2003, kí ilé iṣẹ́ Salesforce tó rà á ní ọdún 2019. Bí ẹ bá fa orúkọ òpó dátà kan sórí ojú ìwé, ó ń sọ ọ́ di ìbéèrè sí dátábéèsì, ó sì ń ya ìdáhùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì mọ ohun tó ń wá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ dátà wò láti ìhà kan dé ìkejì, n kò tíì lo ohun tó yára tó o. Ó tún ń ṣiṣẹ́ lórí Mac.

Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ wo ni tiyín? Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán mẹ́fà kan náà ni ọ̀gá yín ń wò lóṣooṣù, ẹwà kọ́ ni yóò gbà yín. Nínú Tableau, fọ́múlà tí ẹ bá kọ sínú fáìlì kan, inú fáìlì yẹn ló ń gbé, àyàfi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ orísun dátà náà jáde kí gbogbo ènìyàn máa lò ó. Níbi tí a kò bá ti ṣe èyí, fáìlì mẹ́ta yóò ní ìtumọ̀ mẹ́ta fún “oníbàárà tuntun”, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì lẹ́wà. Ìwà àwọn tó ń lò ó ló ń fa èyí, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí irinṣẹ́ bá mú rọrùn ni ọwọ́ ènìyàn máa ń lọ sí.

* * *

Qlik, ní ṣókí

Wọn kò dárúkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Sweden ni ó ti wá, ní ìlú Lund, lọ́dún 1993. Bí ẹ bá yan ọjà kan, ohun tí ẹ yàn yóò di àwọ̀ ewé, ohun tó bá a tan yóò wà ní funfun, ohun tí kò bá a tan rárá yóò sì di àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n kò ní pòórá. Àwọ̀ eérú yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn irinṣẹ́ tó kù ń fi àwọn tó rà hàn yín, Qlik ń fi àwọn tí kò rà hàn láì jẹ́ pé ẹ béèrè. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ ní láti kọ́ èdè tó fi ń kó dátà wọlé, àti pé nínú ìrírí tèmi, ó ṣòro ju ti Power BI lọ láti rí ẹni tó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń lọ.

* * *

Looker, àti àṣìṣe tí kì í ké

Kí n kọ́kọ́ tú ìdàrúdàpọ̀ kan. Looker àti Looker Studio kì í ṣe ohun kan náà. Looker bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì di ti Google ní ọdún 2020. Looker Studio ni wọ́n ń pè ní Data Studio tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2022. Ọ̀fẹ́ ni, ó dára fún ojú ìwé kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe ìdájọ́ Looker gan-an.

Looker gan-an ló fi ọwọ́ tó le jù mú ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ gbogbo nọ́ńbà wà nínú kóòdù tí wọ́n ń pè ní LookML, kóòdù náà wà nínú Git, irinṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà kóòdù, ẹni tó bá yí ìtumọ̀ “títà” padà á sì fi orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò kó dátà pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ dátábéèsì ló ń lọ béèrè nígbà gbogbo, nítorí náà bí dátábéèsì yín bá lọ́ra, òun náà yóò lọ́ra.

Ó tún ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ lóye dáadáa, yálà ẹ rà á tàbí ẹ kò rà á. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ́dà kan jẹ́ 300, ọjà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àtẹ ọ́dà ní ìlà kan, àtẹ ọjà inú ọ́dà ní ìlà mẹ́ta. Bí ẹ bá so àtẹ méjèèjì pọ̀, 300 yẹn yóò fara hàn nígbà mẹ́ta, àpapọ̀ yóò sì di 900. Kọ̀ǹpútà kò ní ké, kò sí ìkìlọ̀ pupa kankan, gbogbo ohun tí ẹ óò rí ni pé oṣù yìí dára. Looker ní ọgbọ́n kan tó ń dènà èyí, bí a bá ti sọ kọ́kọ́rọ́ àtẹ kọ̀ọ̀kan fún un, ìyẹn òpó tó ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nínú Power BI, bí a ṣe so àwọn àtẹ pọ̀ láì yí wọn sí ọ̀kan ló ń gbà yín. Tableau náà ti ní irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2020. Nínú SQL (èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì) tí ẹ fọwọ́ kọ, ojú yín nìkan ni ẹ ní.

Ẹ̀gbọ́n àṣìṣe yẹn ni ìpíndọ́gba tí a fi ìpíndọ́gba ṣe. Ẹ̀ka kan ní oníbàárà 10, ìpíndọ́gba ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rà jẹ́ 90. Ẹ̀ka kejì ní oníbàárà 90, ìpíndọ́gba tiwọn jẹ́ 50. Ẹni tó bá fi méjì pín 90 àti 50 yóò ní 70, bẹ́ẹ̀ 54 ni nọ́ńbà tòótọ́, nítorí pé 5,400 ni gbogbo owó, àwọn oníbàárà sì jẹ́ 100. Bákan náà ni iye oníbàárà oṣù kọ̀ọ̀kan kò ṣe é rò pọ̀ di ti ọdún, níwọ̀n bí ẹni kan náà ti lè rà nígbà méjìlá. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá kan rí lórí èyí ẹ̀yìn yìí, lẹ́yìn tó ti ka nọ́ńbà náà fún àwọn olùdókòwò rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

* * *

Lórí pé kí a má náwó rárá

Metabase dára, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tí kò mọ SQL lè fi títẹ lásán béèrè ìbéèrè, ẹ sì lè gbé e dìde ní ọ̀sán kan. Apache Superset, tí Maxime Beauchemin bẹ̀rẹ̀ ní Airbnb lọ́dún 2015, lágbára jù ú lọ ní ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tó ń lò ó gbọ́ SQL.

Ohun tí kì í jẹ́ ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ wọn. Ta ni yóò máa ṣọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí irinṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ta ni yóò máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ta ni yóò fi ẹ̀yà tuntun sí i nígbà tí àlàfo ààbò bá yọ? Bí ẹ bá kàn ṣí Metabase láì yí ètò rẹ̀ padà, inú fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní H2 ló ń kó gbogbo ìbéèrè tí ẹ ti kọ sí, bí ẹ bá sì ń lò ó nínú Docker, tó ń fi sọ́fítíwíà sínú àpótí tirẹ̀, láì ya ibi ìpamọ́ sọ́tọ̀ fún un, ọjọ́ tí ẹ bá pa àpótí náà rẹ́ láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yín bá a lọ. Àwọn tó ṣe é gan-an ló ní kí a lo PostgreSQL tàbí MySQL dípò rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan rí ìlà ti ẹ̀ka tirẹ̀ nìkan, inú ẹ̀yà Metabase tí a ń sanwó fún ni ètò yẹn wà. Superset ní in lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan gba iṣẹ́ níbi tí ẹni tó gbé irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dìde ti lọ láì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá ibi tí sáfà wà. Owó láísẹ́ńsì tí wọn kò san, wọ́n san án fún un ní owó oṣù.

* * *

Kí ẹ tó kọ Excel sílẹ̀

Ẹnì kan bínú sí mi pé mò ń dáàbò bo Excel. N kò ní dáàbò bò ó níbi tí kò yẹ. Láti ọdún 2007, ìlà 1,048,576 ni ojú ewé kan lè gbà, fáìlì àtijọ́ tó ń parí sí .xls kò sì gbà ju 65,536 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààlà àtijọ́ yìí ló fà á tí orúkọ àwọn ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn kòrónà kò fi wọ inú àkọsílẹ̀ ìjọba lásìkò láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí a kò sì tètè wá àwọn tó bá wọn pàdé. Àwọn onímọ̀ àbùdá náà ní láti yí orúkọ àwọn jíìnì kan padà ní ọdún 2020, nítorí pé Excel ń sọ SEPT1 di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Ó ń gé odo iwájú nọ́ńbà fóònù, bí nọ́ńbà kan bá sì ju díjíìtì 15 lọ, èyí tó kù ni ó ń sọ di odo. Ẹni tó ń kó nọ́ńbà káàdì sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Síbẹ̀, Power Query, tó ń fa dátà wọlé tó sì ń tún un ṣe, àti Power Pivot, tó ń so àwọn àtẹ pọ̀, wà nínú Excel tí ẹ ń lò lọ́wọ́ yìí, ẹ̀rọ ìṣirò kan náà tó wà nínú Power BI ló sì wà nínú Power Pivot. Àwọn ìlà tó ju mílíọ̀nù kan lọ lè wọ ibẹ̀ láì fara hàn lójú ewé. Bí fáìlì yín bá wúwo nítorí fọ́múlà VLOOKUP ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó ṣeé ṣe kí ẹ wò ó sàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì ti máa kọ́ DAX lọ́wọ́ kan náà. Bí ẹ bá sì ṣí lọ sí Power BI lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yẹn yóò bá yín lọ.

* * *

Python

Ọ̀dọ́ yín kò ṣì sọ, ibi tí ó gbé ọ̀rọ̀ sí ni n kò bá a fara mọ́. Láti ìgbà tí Wes McKinney ti bẹ̀rẹ̀ pandas, àkójọ kóòdù Python fún iṣẹ́ dátà, ní ọdún 2008 ni Python ti di ilé fún iṣẹ́ fífọ dátà, ìsọtẹ́lẹ̀ àti ìdánwò ìṣirò, gẹ́gẹ́ bí èdè R ti jẹ́ fún àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣáájú rẹ̀. Ohun tí a bá kọ sínú kóòdù ṣeé tún ṣe lọ́la láì fo ìgbésẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n olórí ẹ̀ka kò ní ṣí Jupyter, ojú ìwé tí a ti ń kọ Python, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé láti wo nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ náà máa fi Python tún dátà ṣe kí ó tó wọ dátábéèsì, ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ yóò ti wúlò jù fún yín.

Ẹlòmíràn tún béèrè bóyá ọgbọ́n àtọwọ́dá kò ní pa gbogbo àríyànjiyàn yìí rẹ́, níwọ̀n bí a ti lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé “èló ni a tà lóṣù tó kọjá?” Ó ní láti yàn láàárín ọjọ́ ọ́dà àti ọjọ́ tí owó wọlé. Bí ẹ kò bá tíì kọ ìtumọ̀ náà síbi tó ti lè kà á, yóò yan ọ̀kan fúnra rẹ̀, yóò sì fi ìdánilójú dá yín lóhùn.

* * *

Olùbéèrè padà wá

Ẹ ṣeun. Àwọn tó ń ka ìjábọ̀ láì ṣe é jẹ́ 11. Inú PostgreSQL ni dátà títà wà, fáìlì Excel mẹ́ta sì wà tí ẹ̀ka ìṣirò owó ń fọwọ́ kún. Gbogbo wa ló ń lo Windows àti Microsoft 365. Èmi nìkan ni mo gbọ́ SQL díẹ̀. Lórí ìtumọ̀ “títà”, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta lánàá, ìdáhùn mẹ́ta ni mo gbà.

* * *

Power BI ni kí ẹ mú, láísẹ́ńsì Pro fún àwọn 11 náà àti fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é. Kì í ṣe nítorí pé ó borí àwọn yòókù ní ibi gbogbo. Windows lẹ wà, Microsoft 365 lẹ ti ń wọlé sí lójoojúmọ́, DAX yóò fún yín ní ibì kan ṣoṣo tí òṣùwọ̀n ń gbé, àwọn òǹkàwé yín kò sì tó iye tí owó yóò fi di ìṣòro. Ká ní orí Mac lẹ wà, tàbí pé ìwádìí ni iṣẹ́ yín, Tableau ni ǹ bá sọ. Ká ní ẹ ní ẹni mẹ́ta tó ń kọ SQL dáadáa àti ẹni tó ń tọ́jú sáfà, Superset ì bá tó yín.

Ẹ má kọ gbogbo ìtumọ̀ sínú DAX o. Èyí tó bá ṣeé kọ sínú PostgreSQL gẹ́gẹ́ bí view (ìbéèrè tí a fi pamọ́ sínú dátábéèsì, tí a lè kà bí àtẹ), bí i yíyọ ọjà tí a dá padà kúrò, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ fi Power BI sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìtumọ̀ náà kò ní ṣẹ́kù sẹ́yìn. Inú DAX ni kí ẹ fi ìpíndọ́gba, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àti iye oníbàárà sí, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn ní láti tún ara wọn ṣírò bí òǹkàwé bá ṣe ń yan nǹkan.

Ìdáhùn mẹ́ta tí ẹ gbà lánàá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe àwọn mẹ́ta náà jọ kí ẹ tó fi Power BI sórí kọ̀ǹpútà kankan. Bóyá “títà” ni wọn yóò fẹnu kò lé lórí, bóyá wọn yóò gbà pé ọ̀rọ̀ méjì ni, “ọ́dà” àti “owó tó wọlé”, tí a óò máa fi orúkọ méjì pè. Èyí kejì ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù, kò sì burú rárá.

Ní ti ọ̀gá yín àti òpin oṣù, ojú ìwé kan tó ní òṣùwọ̀n mẹ́ta tó. Ẹ mú oṣù kan tí ẹ̀ka ìṣirò owó ti pa ìwé rẹ̀ dé, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà tó jáde nínú Power BI bá tiwọn mu láì ku ẹyọ kan. Bí kò bá bára mu, ẹ má tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí ọjọ́, lẹ́yìn náà sí oníbàárà, títí tí ẹ óò fi rí ìlà tó fà á. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ọ́dà tó ní ju ọjà kan lọ, kí ẹ tó wo fáìlì mẹ́ta tí wọ́n ń fọwọ́ kún.